Àwọn Lẹ́tà Òjé Tí Mo Kó Wálé

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Jẹ́jẹ́ dé, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ẹsẹ̀ wá ìkejì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, nígbà tí ọmọbìnrin mi wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Kò kí mi. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ní, “Bàbá, Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ti lọ. Wọ́n ní orí àga ni wọ́n bá a láàárọ̀ yìí, ó ti sùn lọ. Búrọ́ọ̀ṣì bàtà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.” Jẹ́jẹ́ ni àbúrò ìyàwó mi. Ìyàwó mi náà ti kú lọ́dún méje sẹ́yìn, àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí. Mo la ẹnu kí n kí ọmọ mi kú ìrọ́jú, ṣùgbọ́n ó ti gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Oyún oṣù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti wọlé ọkọ. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó bímọ láti ọjọ́ yìí. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ìbéèrè kan ni. Ṣé ọmọ inú mi náà á dà bí èmi àti Bọ̀dá Jẹ́jẹ́? Torí ẹ̀yin lẹ sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà.” Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, àyà mi ti ń hó bí ìkòkò, dókítà mi kì í sì í sọ pé kí n padà wá mọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè báyìí, ẹrù tí mo dì ru òkú méjì yóò tún di ẹrù ọmọ tí a kò tíì bí. Ó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ohun tí mo fi sábẹ́ ahọ́n fún bí ọgbọ̀n ọdún ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní fi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ lẹ́tà títò ni mo ṣe jẹun. Nígbà yẹn, kò tíì sí kọ̀ǹpútà nílé ìtẹ̀wé wa. Òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ọmọdé lọ. Inú àpótí gbọọrọ kan tó ní yàrá kéékèèké ni wọ́n máa ń wà, èmi á máa fi ìka méjì ṣà wọ́n, màá tò wọ́n sínú irin tó wà lọ́wọ́ òsì mi títí wọn yóò fi di ìlà kan. Òdì la máa ń tò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìwé nínú dígí. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù tó tọ́ mi ló fi mí síbẹ̀, torí wọ́n ní ọwọ́ mi dúró, ẹnu mi ò sì pọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé góńgó. Di òní, bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbóòórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì tí a fi ń fọ lẹ́tà, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ ńlá tó wà nísàlẹ̀ tó ń ṣe gbì-gbà, gbì-gbà, tí gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n tẹ̀ lé e. Lẹ́tà tó máa ń tètè bàjẹ́ ni àwọn tó ní àmì lábẹ́, Ẹ, Ọ àti Ṣ. Àmì tíntín yẹn á kán, lẹ́tà á sì di aláìníṣẹ́. Inú garawa ló yẹ kí a jù wọ́n sí, kí wọ́n lè yọ́ wọn padà. Èmi kì í jù wọ́n. Àánú wọn máa ń ṣe mí. Màá jẹ́ kí wọ́n bọ́ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, màá kó wọn lọ fún ọmọ mi.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí nìyí. Nígbà tó pé ọdún méjì, òun ló máa ń sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò mi kí n tó sọ pé dúró. “Bàbá, lẹ́tà mi dà?” Á dà wọ́n sórí ẹní, á tò wọ́n ní ìlà bó ṣe rí i lọ́wọ́ mi, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀ bíi ti ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lára. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi mọ gbogbo wọn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi gbọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Lẹ́tà. Bí èmi ṣe di Bàbá Lẹ́tà nìyẹn, tí ìyàwó mi di Ìyá Lẹ́tà. Ọmọ náà kì í fi wọ́n ṣeré lásán. Á fi wọ́n sẹ́nu. Á gbé Ọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á gbé Ẹ sí tòsì, á wá wò mí bí ọ̀bọ tó jí ẹ̀pà, á ní, “Bàbá, Ọ dùn ju Ẹ lọ.” Ẹ̀rín á pa mí. Èmi tí mo kàwé, èmi tí mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ ká jẹun nílé ìtẹ̀wé láì fọwọ́, èmi náà ni mò ń rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Jẹ́ kó máa jẹ ẹ́, ìwé ló ń jẹ yẹn, kò ní jáde níkùn ẹ̀ mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì korò lẹ́nu mi di òní.

Ọ̀dọ̀ wa ni Jẹ́jẹ́ ń gbé nígbà náà. Géńdé ọkùnrin ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì mọ̀wé. Bí èèyàn bá ní kó yára, á ní, “Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́,” òun ló fi gba orúkọ. Iṣẹ́ tó fún ara rẹ̀ nílé wa ni bàtà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀gbọ́n, bàtà ìta, ìta ni ó ń gbé,” bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn. Á gbà á, á nù ún, á kùn ún, á tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, imú wọn á kọjú síta, kó lè jẹ́ pé bí a bá ń jáde, ẹsẹ̀ á kàn bọ sínú rẹ̀, a ti ń lọ. Aṣọ iṣẹ́ mi náà ò gbọdọ̀ wọlé. “Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yẹn ń da eruku dúdú sílẹ̀. Ẹ bọ́ ọ síbí.” Èmi á ní, “Jẹ́jẹ́, ṣé ìwọ lo ni ilé ni?” Á rò ó títí, á ní, “Rárá o. Ìyá Lẹ́tà ló ni ín.” Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. Mo rántí ẹ̀rín yẹn ju ohun gbogbo lọ. Yàrá méjì péré la ní, ògiri ọ̀kan ti là láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn a máa kún un bámúbámú.

Nígbà tí Lẹ́tà wọ ilé ìwé, nǹkan yí padà. Ọmọ tó ti mọ lẹ́tà kò mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Bí olùkọ́ bá rán an níṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ló máa jẹ́. Ohun tó kọ́ lánàá á ti fò lọ lónìí. Inú ń run ún, oúnjẹ kì í wù ú, ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ dé. Olùkọ́ rẹ̀ kọ̀wé sí wa pé kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè lọ́jọ́ náà, èmi ni mo gbé e lọ, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi nìkan ni mo padà lọ gba èsì. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Òjé ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ibi tí wọ́n fi ń fọkàn sí nǹkan, tí wọ́n fi ń rántí. Níbo ló ti rí i?” Lẹ́tà méje ló wà nínú àpò mi bó ṣe ń bi mí. Mò ń fi ìka kà wọ́n. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Dókítà.” Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní akọ̀wé ni mí. Mo wá bi í pé, “Ṣé kò lè jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni? Àbúrò ìyàwó mi kan wà tí orí rẹ̀ ò pé.” Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. “Ohun tí a bí mọ́ ọmọ náà ní ipa tirẹ̀. Ohun tó bá gbà lára bàbá àti ìyá lè mú kí ara rẹ̀ máa di òjé mú ju ti ọmọ mìíràn lọ. Ọmọ méjì lè gbé eruku kan náà mì, kó ba ọ̀kan jẹ́ ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ara ẹnikẹ́ni kì í ṣe òjé fúnra rẹ̀, Bàbá. Ìta ló ti wọlé. Ẹ lọ wá ibi tó ti ń wá, kí ẹ mú un kúrò. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ, ẹ fún un lóúnjẹ tó ń fún ara lẹ́jẹ̀, kí ẹ gbé e padà wá lóṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá tètè dá a dúró, kò ní burú ju báyìí lọ.” Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó fún mi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ilé, ìdajì rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi: wọ́n bí i mọ́ ọn. Mo ti fi ìdajì yòókù sílẹ̀ ní títì.

Mo kọ́kọ́ yà sí ilé ìtẹ̀wé, mo fi ìwé náà han ọ̀gá wa. Ó kà á, ó yí i wò lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Lẹ́tà, mo ti ń fọwọ́ kan òjé kí wọ́n tó bí dókítà yẹn. Ṣé orí mi dàrú ni?” Mo ní, “Rárá, sà.” Ó ní, “Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìta, wọ́n á ti ibí pa, ogún èèyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn á sì wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Pa ẹnu ẹ mọ́.” Mi ò lè sọ pé òun ló tì mí sínú rẹ̀. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti pinnu. Ẹni tí yóò bá mi dákẹ́ ni mò ń wá. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni mò ń bẹ̀rù, ojú ìyàwó mi ni. Mi ò fẹ́ kó wò mí kó rántí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ fi Ọ sẹ́nu. Mo sọ fún un pé dókítà ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni, mo ká ìwé náà kékeré, mo tì í sínú imú bàtà tí mo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Mo gbàgbé ẹni tó ń nu bàtà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, a ń múra, Jẹ́jẹ́ wọlé, ó na ìwé náà sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ìwé wà nínú bàtà yín. Á máa dun ìka ẹsẹ̀ yín.” Ìyàwó mi yíjú. “Ìwé kí nìyẹn, Bàbá Lẹ́tà?” Mo já a gbà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ bí àwòdì. “Ìwé iṣẹ́ ni.” Jẹ́jẹ́ wò mí lójú. “Jẹ́jẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fà á ya.” Lọ́jọ́ kejì, mo jù ú sínú ìkòkò tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ó jó fúú, ó di eérú lójú òjé, mo sì fi ṣíbí irin bu eérú náà dànù. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó níwájú Jẹ́jẹ́, ara mi kì í balẹ̀. Kò mọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè tún rí òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pe ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Màmá, ìyá ìyàwó mi, wá. Ìyàwó mi gbé Lẹ́tà lé ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. “Nílé tiwa, a ò ní dìndìnrìn. Níbo ni ọmọ yìí ti rí i?” Ó ń wo Jẹ́jẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, Jẹ́jẹ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń kun bàtà ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Màmá ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ mi yìí tó pé ọdún méjì, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ibà ló mú un, gìrì gbé e fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dín kù lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. A ò bí i mọ́ ọn.” Ìyàwó mi yíjú sí mi. “Bàbá Lẹ́tà, ẹ sọ ohun tí dókítà sọ fún yín.” Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, “Dókítà ní ohun tí a bí mọ́ ọmọ ní ipa tirẹ̀.” Lóòótọ́ ni dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. “Ó tán! Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà.” Mo mi orí, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni.” Ìyàwó mi ò sunkún. Ó kàn rọra fi ọwọ́ bo etí ọmọ náà, bí ẹni pé òtútù ń mú un. Màmá dìde, ó kọjú sí Jẹ́jẹ́, ó ní, “Dìde, ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ sílé.” Mi ò dá wọn dúró. Jẹ́jẹ́ ti kun bàtà ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀ kan, ó ku ìkejì. Ó kun ìkejì tán, ó yí imú wọn síta, kó tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Kò sùn nílé wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí Jẹ́jẹ́ ṣe jáde ni bàtà wọlé, aṣọ iṣẹ́ mi náà wọlé. Mi ò kó lẹ́tà wálé mọ́. Mo sọ fún ọmọ pé àwọn lẹ́tà ti rìnrìn àjò, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n fún bí oṣù kan. Mo pe ìyẹn ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n eruku dúdú yẹn ń bá mi wálé lójoojúmọ́. Ìyàwó mi á gbọn aṣọ náà nínú yàrá, á rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ nínú bàsíà kan náà, èmi á sì máa wò ó. Gbólóhùn kan péré ni ì bá dá a dúró: “Ìyá Lẹ́tà, má fọ̀ ọ́ pọ̀.” Á bi mí pé kí ló dé, kò sì sí ìdáhùn lẹ́nu mi àfi òtítọ́. Mo dákẹ́. Odidi ọdún mẹ́ta, títí ilé ìtẹ̀wé fi ra ẹ̀rọ tuntun, mo dákẹ́, mi ò sì gbé ọmọ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ti ìgbà tí mò ń kó lẹ́tà wálé, mo lè pè é ní àìmọ̀kan. Ti ọdún mẹ́ta yẹn, mi ò rí orúkọ tí mo lè fún un. Mo mọ̀. Ìyàwó mi ò sì bímọ mọ́. Àwọn èèyàn rò pé ara rẹ̀ ló kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Inú ilé ìdáná ló ti sọ ọ́ fún mi, ó ń gé àlùbọ́sà, kò gbé ojú sókè. “Ẹ̀jẹ̀ mi ò dáa. Mi ò ní bí òmíràn sínú ìyà.” Mo ní kó má ronú. Ẹnu mi gbà á láti sọ fún un pé kó má ronú.

Èyí tó burú jù ló wá lẹ́yìn. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn gba fèrèsé wọlé sórí ibùsùn rẹ̀. Lẹ́tà ti lọ síbi iṣẹ́, níbi tó ti ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ. Nínú gbogbo wọn níbẹ̀, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ló ṣì fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka mi, ibi tí lẹ́tà ti sọ di líle. Ó ní, “Bàbá Lẹ́tà, ẹ ò parọ́ fún mi rí. Ìwé tí àbúrò mi rí nínú bàtà lọ́jọ́sí, kí ló wà nínú ẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ni lóòótọ́?” Ọdún méjìlélógún ló ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu yẹn. Mo wo ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀, mo sì dáhùn pé, “Ọlọ́run ló mọ̀.” Mo fi orúkọ Ọlọ́run di ẹnu ara mi. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ bá mi bẹ ọmọ mi nígbà tó bá yá. Kó má bínú sí mi.” Ọjọ́ kẹta ló kú. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ ló sì ń rán.

Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún Lẹ́tà lọ́jọ́ tí Jẹ́jẹ́ kú, bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi. Ó dúró gbọ́ ọ tán. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé e, mo sì mọ ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo dúró dè é. Ó ní, “Ìyá mi kú láì mọ̀?” Mo ní, “Kò mọ̀.” “Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ náà?” “Kò mọ̀.” Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. “Èyí ńkọ́?” Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún un fún dókítà, torí òjé lè pẹ́ nínú egungun ìyá, kó má dákẹ́ bíi tèmi. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ. Òjé tó kù lára rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ní kó máa jẹun dáadáa, kó sì máa padà wá. Nígbà tó tún dé ọ̀dọ̀ mi, kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ohun tó sọ ni pé, “Bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ kí gbogbo ẹbí kà á, kí ẹ̀gbọ́n yín náà kà á, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìyá mi. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tó le o, torí èmi náà máa kà á.” Ìdí nìyí tí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ kéékèèké kọ ọ́.

Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́jẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yín ní eruku, ẹ̀yin tó ń tú bátìrì, tó ń ha ọ̀dà àtijọ́, tó ń yọ́ irin, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó ṣì mọ níwọ̀n lẹ́tà kan tó lè wọ àpò. Láàárọ̀ òní, Lẹ́tà wá. Ó gbé àpò kékeré kan tí wọ́n kó fún un nílé Jẹ́jẹ́ lé orí tábìlì: búrọ́ọ̀ṣì kan, àkísà kan, agolo pólíìṣì kan tó ti gbẹ létí. Ó ní ó rẹ òun, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ìyá rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà sáàárín ilé, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nira fún mi, mo ṣà wọ́n. Mo gbé wọn jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo nù wọ́n, mo kùn wọ́n, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Mo tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, mo sì yí imú wọn síta.